Ilé oúnjẹ àwọn ará Jàpáànì tó ṣí ládùúgbò: kí la lè jẹ níbẹ̀ tí owó wa ò fi ní ṣòfò?

Ọmọ Tankẹ béèrè:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Wọ́n ṣí ilé oúnjẹ àwọn ará Jàpáànì kan sí òpópónà wa ní Tankẹ, níbí n'Ílọrin. Kì í ṣe ibi ńlá, tábìlì mélòó kan ni, kò sí ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà, owó tí wọ́n kọ sára pátákó kò sì pa èèyàn. Ìyàwó mi ní dandan ká lọ jẹun níbẹ̀ ní Sátidé. Èmi ń rò ó pé ẹja tí iná ò kàn ni wọ́n máa gbé síwájú wa, ká sanwó, ká tún padà wálé wá ro ẹ̀bà. Ta ló ti jẹun nírú ibẹ̀ rí? Kí la lè béèrè fún tá a máa yó, tí inú ò sì ní run wá? Mùsùlùmí ni wá o.

* * *

Alásè Gáà-Akanbí:

Ẹ lọ. Ẹ jẹun. Ẹ kàn má fi ẹja àìsè bẹ̀rẹ̀.

Mo lo ọdún díẹ̀ nínú ilé ìdáná irú oúnjẹ yìí l'Ékòó kí n tó wálé wá máa dáná fún àwọn olóde, mo sì ti dé ibi tí ẹ ń sọ yìí. Ẹni tó bá ní ẹja àìsè ni gbogbo oúnjẹ Jàpáànì, ó dà bí ẹni tó wá sí Ìlọrin lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n fún un ní wàrà, tó wá ń sọ kiri pé wàrà nìkan là ń jẹ.

Ohun tí wọ́n ń jẹ nílé wọn lójoojúmọ́ ò ju ìrẹsì funfun, ọbẹ̀ sóyà tó ṣàn tí wọ́n ń pè ní miso, ẹja yíyan, ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi iyọ̀ tàbí fínígà rẹ, àti ẹran díẹ̀. Ní ilé oúnjẹ kékeré, wọ́n á kó gbogbo ẹ̀ sórí àwo ìgbóúnjẹ kan, iye kan lẹ máa san fún un. Ohun tẹ́ ẹ máa wá nìyẹn.

Àwọn tí ẹ máa rí lára pátákó: katsu ni ẹran tàbí adìẹ tí wọ́n fi búrẹ́dì gbígbẹ rírún bò, tí wọ́n dín títí tó fi ń dún kàràkàrà. Teriyaki ni èyí tí wọ́n fi sọ́ọ̀sì sóyà àti ṣúgà pa lára títí tó fi ń dán. Yakitori ni ẹran adìẹ wẹ́wẹ́ lórí igi, èédú ni wọ́n fi ń yan án. Tempura ni edé tàbí ẹ̀fọ́ tí wọ́n rì bọ inú ìyẹ̀fun pípò, tí wọ́n sì dín. Kọ́rì wọn nípọn, ó sì dùn díẹ̀. Kò sí èyí tí iná ò kàn nínú wọn.

Sushi tó ń bà yín lẹ́rù, ìrẹsì tí wọ́n fi fínígà pò ni ìdí ẹ̀. Kùkúńbà ni wọ́n lè gbé lé e, ó lè jẹ́ ẹyin díndín, ó lè jẹ́ edé bíbọ̀. Ẹja àìsè tí kò ní ìrẹsì kankan lábẹ́ ni sashimi. Ìyẹn la máa padà sọ̀rọ̀ lé lórí.

* * *

Ọ̀dọ́ Sáńgò:

Owó abọ́ kan níbẹ̀, màá fi jẹ àmàlà àti gbẹ̀gìrì pẹ̀lú ẹran méjì ní Ọjà-Ọba, màá tún rówó ọkọ̀ padà sí Sáńgò. Ìrẹsì wínńkínní mẹ́fà lórí pákó, ta ló fẹ́ fi ṣe kí ni?

* * *

Alásè Gáà-Akanbí:

Àwọn tó sọ irú ọ̀rọ̀ yìí lókè pọ̀, mi ò lè dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lápá kan, ẹ ò parọ́. Tébi bá ń pa yín gidi, tẹ́ ẹ fẹ́ oúnjẹ tó máa gbé yín di ọ̀la, ẹ gba Ọjà-Ọba lọ, mi ò ní bá yín jà. Àmọ́ sushi lẹ̀ ń gbé kalẹ̀ wé àmàlà. Sushi mẹ́fà kì í yó àgbàlagbà, kódà nílùú tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ẹ gbé abọ́ ìrẹsì tí kọ́rì bò, tí adìẹ katsu sì wà lórí ẹ̀, síwájú àmàlà yín, ìgbà yẹn la tó ń fi nǹkan wéra. Abọ́ yẹn wúwo. Ọmọ yunifásítì méjì tí mo rí tí wọ́n pín in jẹ níbẹ̀, wọ́n yó débi pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dìde.

Ohun tó ń bí mi nínú ni ká máa pè é ní oúnjẹ olówó. Èkó ló sọ ọ́ di oúnjẹ olówó. Sushi tí a mọ̀ yìí, ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n ti ń tà á ní Edo, ìlú tó di Tokyo, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800, fún àwọn òṣìṣẹ́ tí wọn ò ráyè jókòó. Àwọn Yoshinoya tó ń ta ìrẹsì àti ẹran màlúù gígé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, inú ọjà ẹja Nihonbashi ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1899, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́jà yẹn gan-an ló ń jẹ ẹ́. Nígbà tó di 1958, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Yoshiaki Shiraishi ṣí ilé oúnjẹ kan sí ẹ̀gbẹ́ Ọsaka, àwo sushi ń yí kiri lórí bẹ́líìtì, oníbàárà á na ọwọ́ mú èyí tó bá wù ú. Òṣìṣẹ́ ni kò rí tó tó, ó sì fẹ́ kówó ẹ̀ wálẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń rọ bíà sínú ìgò ló ti rí irú bẹ́líìtì bẹ́ẹ̀.

Torí náà, ilé oúnjẹ kékeré tí owó ẹ̀ ò ga ní Tankẹ kì í ṣe ẹ̀dà burúkú ohun tó wà ní Lekki. Ó súnmọ́ bí àwọn tó ni oúnjẹ ṣe ń jẹ ẹ́ ju ti Lekki lọ.

* * *

Alásè Gáà-Akanbí:

Ẹnì kan bi mí níkọ̀kọ̀ pé kí ló dé tí ìrẹsì tí kò ní ọbẹ̀ ata fi gbówó tó bẹ́ẹ̀. Màá dáhùn síbí, kí gbogbo wa lè gbọ́.

Ewé inú òkun tí wọ́n fi ń wé sushi, òkè òkun ló ti ń wá. Sọ́ọ̀sì sóyà tó dáa, òkè òkun ni. Gáàsì àti epo jẹnẹrétọ̀, gbogbo wa la mọ bó ṣe ń lọ. Ìrẹsì wọn jẹ́ oníhóró kúkúrú tó máa ń lẹ̀ mọ́ra, tí wọ́n bá ń rà á látòkè òkun, owó abọ́ yẹn kò ní lè rí bó ṣe rí. Ọ̀pọ̀ alásè níbí ń lo ìrẹsì túwó. Àwọn kan ní ìwà èrú ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìrẹsì túwó ń lẹ̀, ó rọ̀, tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n sè, ahọ́n tí kì í ṣe ti ọmọ ibẹ̀ kò ní mọ ìyàtọ̀.

Ọwọ́ alásè ni mo máa ń wò, mi ò kì í wo àpò ìrẹsì. Wọ́n gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ títí omi ẹ̀ á fi mọ́, kí wọ́n rẹ ẹ́ díẹ̀, kí wọ́n sè é lábẹ́ ìdérí kí omi gbẹ mọ́ ọn lára. Tí wọ́n bá wá da fínígà tí wọ́n ti yọ́ ṣúgà àti iyọ̀ sínú ẹ̀ lé e lórí, wọn ò gbọ́dọ̀ rò ó o. Ṣíbí pákó ni wọ́n á fi máa gé e wálẹ̀, wọ́n á máa yí i padà, ẹlòmíràn á máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ kí ooru kúrò lára ẹ̀ kíákíá. Èyí tó bá jáde dáadáa, á lẹ̀ mọ́ra, síbẹ̀ ẹ máa rí hóró kọ̀ọ̀kan, á sì máa dán. Tẹ́ ẹ bá gbé e sẹ́nu tó tutù nini, tó le bí ẹni ń jẹ yangan, inú fíríìjì ni wọ́n ti gbé e jáde, àná ni wọ́n sè é. Ẹ dá a padà. Ẹ má tijú.

* * *

Ará Lekki Tẹ́lẹ̀:

Alásè, ẹ̀ ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn lórí ẹja àìsè. Mo ti jẹ salmon tí wọn ò sè lọ́pọ̀ ìgbà l'Ékòó, nǹkan kan ò ṣe mí. Fínígà àti wasabi, nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń ta imú yẹn, ń pa kòkòrò inú ẹ̀.

* * *

Alásè Gáà-Akanbí:

Wọn kì í pa á. Ẹ má sọ ìyẹn sétí ẹni tó lóyún o.

Aràn kan wà tí wọ́n ń pè ní Anisakis, ara ẹja òkun ló máa ń wà. Fínígà kì í ràn án, wasabi kì í ràn án, ọsàn wẹ́wẹ́ tẹ́ ẹ fún lé e lórí ò kàn án rárá. Iná ń pa á, yìnyín tó le náà ń pa á. Ìlànà tí àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ ní Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ ni pé kí ẹja tí wọ́n fẹ́ jẹ láìsè wà nínú òtútù tó tó ìwọ̀n 20 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ọjọ́ méje, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó lágbára dì í dé ìwọ̀n 35 nísàlẹ̀ òdo fún wákàtí 15. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹja náà ò gbọ́dọ̀ yọ́ kó tún dì, torí òtútù tó pa aràn kò pa gbogbo bakitéríà, wọ́n kàn ń sùn ni.

Ẹ wá bi ara yín: ní Ìlọrin tí iná ń lọ tó ń bọ̀, fìríísà ta ló wà ní ìwọ̀n 20 nísàlẹ̀ òdo fún ọjọ́ méje gbáko? Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é lè ṣe é o, á máa da epo sí jẹnẹrétọ̀ tọ̀sán-tòru. Ṣùgbọ́n ìnáwó yẹn gbọ́dọ̀ hàn nínú iye tẹ́ ẹ máa san. Ibi tí wọ́n bá ti ń ta sashimi ní iye abọ́ ìrẹsì, ẹnì kan ti yọ nǹkan kan kúrò nínú ìṣirò, kì í sì í ṣe èrè ara ẹ̀ ló yọ. Ohun tí mo ní sọ lórí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ò jùyẹn lọ: oúnjẹ gbígbóná nílé oúnjẹ tí kò wọ́n, ó dára. Ẹja àìsè nílé oúnjẹ tí kò wọ́n, ẹ yẹra fún un.

Ẹja odò wa ńkọ́? Ẹnì kan ti ń dábàá lókè pé kí wọ́n máa lo ẹja Jẹ́bà tàbí ti Pàtígí torí pé ó tutù yọ̀yọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, rárá. Ẹja omi aláìníyọ̀ ní àwọn aràn tiẹ̀, àwọn míì nínú wọn ń wọ ẹ̀dọ̀. Ẹja àrọ̀ inú àdágún náà, ẹ sè é, ẹ yan án, ẹ dín in.

Ẹ jẹ́ kí n fún ibi tó wà ní Tankẹ ní ẹ̀tọ́ wọn ṣá. Salmon wà lára pátákó wọn. Nígbà tí mo béèrè, ọmọ tó ń gbé oúnjẹ ní àwọn kì í tọ́jú ẹ̀ sílẹ̀, àfi kí oníbàárà sọ tẹ́lẹ̀. Ó ní kí n mú èyí tó ní píà, kùkúńbà àti edé bíbọ̀. Ibi tí wọ́n bá ti lè sọ fún yín pé "kò sí", ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀.

* * *

Alhaja Adéwọ̀lé:

Gbogbo àlàyé yìí dára, ọmọ mi. Kí ni ká ṣọ́ra fún tó jẹ mọ́ ẹ̀sìn? Àwọn kan ti ń sọ níbí pé Ìlọrin la wà, pé ta ló máa ta ẹlẹ́dẹ̀ fún wa.

* * *

Alásè Gáà-Akanbí:

Alhaja, ẹ ṣé mà. "Ìlọrin la wà" kọ́ ni ẹ̀rí. Ẹlẹ́dẹ̀ gan-an ló rọrùn jù láti mọ̀, torí ojú ń rí i. Ọtí inú ìgò ìdáná ni wàhálà.

Mirin nìyẹn. Ọtí ìrẹsì dídùn ni, ọtí inú ẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ju ti bíà lọ dáadáa. Inú teriyaki ló máa ń wà, inú omi tí wọ́n fi ń se núdùsì náà. Sake, ọtí ìrẹsì tí kò dùn, wọ́n máa ń fi rẹ ẹran àti ẹja kó má baà rùn. Ìgò mirin jọ ìgò òróró kékeré, ọmọ tó ń gbé oúnjẹ lè má mọ̀ pé ọtí ni, alásè pàápàá lè máa pè é ní "sọ́ọ̀sì". Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé iná á ti gbé gbogbo ẹ̀ lọ, iná kì í gbé e tán. Ṣúgà àti omi díẹ̀ lè rọ́pò ẹ̀, adìẹ yẹn á ṣì máa dán.

Èkejì, ramen, ìyẹn núdùsì inú omi ọbẹ̀, tí wọ́n bá pè ní tonkotsu, egungun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi se omi ẹ̀. Tonkatsu, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni. Wọ́n sábà máa ń ki ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sínú gyoza, ìyẹn ìyẹ̀fun kíká kékeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé adìẹ ni èyí tí mo rí ní Tankẹ. Ẹ béèrè òróró náà: ṣé agbada kan náà ni wọ́n fi ń dín gbogbo nǹkan? Kọ́rì tó máa ń wá nínú páálí látòkè òkun, ọ̀rá ẹran wà nínú àwọn kan. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀yìn páálí hàn yín.

Fínígà ò ní ìjà nínú. Ànábì alára yìn ín. Ti sọ́ọ̀sì sóyà, bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kó kan fúnra ẹ̀ ń mú kí ọtí tíntìntín wà nínú ẹ̀, èrò àwọn àáfà ò ṣọ̀kan lórí ẹ̀. Mi ò ní gba iṣẹ́ wọn ṣe, ẹ bi àáfà yín.

Bẹ́ẹ ṣe máa béèrè ló ṣe pàtàkì jù. Tẹ́ ẹ bá ní "ṣé halal ni?", bẹ́ẹ̀ ni lẹ máa gbọ́, níbi gbogbo. Ẹ ní: "Ẹ jẹ́ kí n rí ìgò tẹ́ ẹ fi se adìẹ yìí." Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ mọ́ á gbé e wá.

* * *

Màmá Ọmú-Àrán:

Ọmọ mi gbé mi lọ sírú ibẹ̀ l'Ábùjá. Omi ọbẹ̀ tí wọ́n gbé wá ń rùn bí irú, kò ní ata, ó wá dùn mọ́ mi lẹ́nu díẹ̀ ṣá. Mi ò mọ ohun tí mo jẹ.

* * *

Alásè Gáà-Akanbí:

Imú yín ò parọ́ fún yín, mà. Miso ni. Sóyà sísè ni wọ́n pò mọ́ iyọ̀ àti ìrẹsì tàbí ọkà báálì tí wọ́n ti jẹ́ kó hu èbu, wọ́n á dé e pa fún oṣù tàbí ọdún. Ẹ̀gbọ́n wà fún un tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́: natto, sóyà tó ń yọ̀, tó ń fà bí ilá. Bakitéríà tó ń ṣiṣẹ́ nínú natto, Bacillus subtilis, òun kan náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú irú wa. Irú wooro àti natto, ọmọ ìyá ni wọ́n, irúgbá àti sóyà ló yà wọ́n. Tí wọ́n bá gbé natto fún mi láàárọ̀, màá jẹ ẹ́. Ẹ ò ní rí i ní Tankẹ ṣá, wọn ò tíì láyà tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí tó fi dùn mọ́ yín lẹ́nu ni omi tó wà lábẹ́ ẹ̀. Ewé òkun gbígbẹ tó ń jẹ́ kombu àti ẹja tí wọ́n fi èéfín gbẹ títí tó fi le bí igi ni wọ́n máa ń sè jáde. Lọ́dún 1908, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Tokyo, Kikunae Ikeda, wá ìdí adùn tó wà nínú kombu, ó sì rí i. Lọ́dún 1909, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní èérún funfun. Orúkọ tí wọ́n fún un ni Ajinomoto. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní oúnjẹ Jàpáànì ò lè wọlé yín láéláé, ó ti wà nínú ìkòkò ìyá yín kí wọ́n tó bí yín.

Ti ata, ẹ sọ fún wọn. Àwọn tó ń sọ pé ata ń ba oúnjẹ náà jẹ́, ẹ máa jẹ tiyín ní funfun. Lórí tábìlì àwọn ará Jàpáànì pàápàá, ìgò ata gígún tí wọ́n pò mọ́ nǹkan mẹ́fà míì máa ń wà níbẹ̀ fún núdùsì. Mo mọ obìnrin kan ní Fáté tó máa ń di ata gbígbẹ tiẹ̀ sínú ọ̀rá kékeré lọ, kò sẹ́ni tó lé e jáde rí.

Kókó kékeré aláwọ̀ ewé tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ńkọ́? Wasabi nìyẹn, ẹ fi ẹnu ọ̀pá tí wọ́n fi ń jẹun kàn án díẹ̀. Ọ̀gá kan tá a jọ lọ rò pé píà ni, ó fi ṣíbí bu gbogbo ẹ̀ sẹ́nu. Omi jáde lójú, ó jáde nímú, ó ní òun ń rí àwọn òkú ìdílé òun. Èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ohun tí wọ́n ń tà lórúkọ wasabi kì í ṣe wasabi gan-an, gbòǹgbò mìíràn tó ń ta imú ni wọ́n lọ̀ mọ́ mọ́sítádì, tí wọ́n fi àwọ̀ sí. Ó ń ta síbẹ̀.

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, sọ́ọ̀sì sóyà ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù, ẹ fi ata sílẹ̀. Ṣíbí ìbùjẹ ńlá kan ẹ̀ ní nǹkan bí 900 mílígíráàmù sódíọ̀mù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ò fẹ́ kí àgbàlagbà tó 2,000 lóòjọ́. Ẹ dà á sínú abọ́ kékeré, ẹ fi etí oúnjẹ tọ́ ọ. Ẹ má dà á lé ìrẹsì lórí bí ọbẹ̀.

* * *

Ọmọ Tankẹ:

Ọ̀pá méjì yẹn ńkọ́? Ojú á tì mí níwájú ìyàwó mi o.

* * *

Alásè Gáà-Akanbí:

Ẹ béèrè ṣíbí. Kọ́rì, ṣíbí ni àwọn fúnra wọn fi ń jẹ ẹ́. Sushi, ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ àgbà fi ń mú un, ẹ kàn fọwọ́ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá lo ọ̀pá, ẹ má fi gún ìrẹsì lókè gbàgìdì kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìrẹsì òkú ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún nílùú wọn. Tí núdùsì bá ń dún ṣùrùrù lẹ́nu yín, kò sẹ́ni tó máa bínú.

* * *

Alásè Gáà-Akanbí:

Ọ̀rọ̀ ti gba ọ̀nà Àbújá àti Jàpáànì lọ, ẹ jẹ́ ká padà sí Sátidé yín.

Ẹ lọ lọ́sàn-án, nǹkan bí aago kan sí méjì. Òróró ṣì mọ́ nígbà yẹn, ìrẹsì ò tíì tutù, ohun tó wà lára pátákó ṣì kù. Tó bá fi máa di alẹ́, "ó ti tán" lẹ máa gbọ́ títí, ó sì máa ń jẹ́ èyí tẹ́ ẹ tìtorí ẹ̀ kúrò nílé. Ẹ béèrè abọ́ kọ́rì aládìẹ kan, ẹja yíyan kan pẹ̀lú ìrẹsì àti miso, kẹ́ ẹ wá fi àwo sushi kan sí i, èyí tó ní edé bíbọ̀, kẹ́ ẹ jọ jẹ ẹ́. Ìyàwó yín á rí ohun tó tìtorí ẹ̀ jáde, ẹ̀yin náà á yó. Ẹ̀bà ò ní sí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹja yíyan yẹn, Títúsì ni. Wọn ò ní kọ Títúsì sára pátákó, saba ni wọ́n máa kọ. Ẹja kan náà tí àwọn ìyá wa ń kó látinú páálí oníyìnyín ní Ìpàtà ni. Àwọn kan ti gbọ́ ìyẹn, wọ́n ní jìbìtì ni. Jìbìtì báwo? Títúsì ni tálákà àti olówó ń jẹ ní Jàpáànì, iyọ̀ ni wọ́n fi ń yan án. Bí wọ́n ṣe yan án lẹ̀ ń sanwó fún.

Kí ẹ tó jókòó, ẹ béèrè bóyá owó iṣẹ́ wà lórí iye oúnjẹ, kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá POS wọn ń ṣiṣẹ́. Ní ibòmíràn láàárín ìgboro tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n lé owó iṣẹ́ mọ́ owó mi, wọ́n tún lé owó ọ̀rá tí wọ́n fi di oúnjẹ, wọ́n tún wá ní kí n fún ọmọ tó gbé e wá ní nǹkan. Ní Jàpáànì, ẹ ò kì í fún wọn ní owó ọwọ́ rárá, wọ́n lè sáré tẹ̀lé yín láti dá a padà. Ní Tankẹ, wọ́n á gbà á, kò sì burú tẹ́ ẹ bá fún wọn.

* * *

Ìyàwó Ọ̀fà:

Ọ̀fà ni mo wà, kò sí irú ibẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣé mo lè ṣe Títúsì yẹn nílé?

* * *

Alásè Gáà-Akanbí:

Ó rọrùn ju ọbẹ̀ ata lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹja yọ́, ẹ yọ ìfun ẹ̀, ẹ là á sí méjì láti ẹ̀yìn, ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ nù ún gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó wọ́n iyọ̀ sí i lára níhà méjèèjì. Ẹ fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, omi á jáde lára ẹ̀, omi yẹn ló ń gbé òórùn ẹja. Ẹ tún nù ún kúrò. Èédú tó ti pọ́n tí èéfín ti lọ lẹ máa gbé e lé, ìhà tí awọ wà ni kó kọ́kọ́ kọjú sí iná, ẹ má yí i títí awọ á fi wú, tí á sì máa fọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa yí i.

Ìrẹsì túwó funfun lẹ máa fi jẹ ẹ́. Ẹ gé kùkúńbà wẹ́wẹ́, ẹ fi iyọ̀ pa á, ẹ fún omi ẹ̀ dànù, ẹ wọ́n fínígà àti ṣúgà sí i. Tẹ́ ẹ bá rí wàrà sóyà tútù tí wọn ò tíì dín, ẹ gé e sínú omi ọbẹ̀ fífúyẹ́ tó ní atalẹ̀, ó máa bá a lọ. Ọsàn wẹ́wẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fún un lé ẹja lórí nígbà tó bá dé orí tábìlì.

Ẹ má fi ata rodo ra ẹja yẹn lára kẹ́ ẹ tó yan án, ata á ti jóná kí ẹja tó jinná. Ẹ gún ata yín sínú abọ́ tiẹ̀.